Ẹ Dákẹ́, Bàbá Ń Gbọ́ Orin

Àbúrò mi àtàtà,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó bá ọ nínú ayọ̀, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tuntun. A gbọ́ pé ọmọ náà tóbi, pé ó sì jọ ọ́ níwájú orí. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí fún yín. Àwa náà wà níbí, à ń mí, à ń rìn. Bí o bá bi mí pé ṣé dáadáa ni, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, o ó já mi lẹ́nu, inú á bí mi, ìjà la ó sì fi parí rẹ̀. Nínú lẹ́tà, èmi nìkan ni mo ní ẹnu. Ní sùúrù, kà á dópin.

Bàbá tí ìwọ mọ̀ àti Bàbá tí èmi mọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹnì kan. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbé sórí itan níwájú ẹ̀rọ orin. Wọ́n á pa iná yàrá kí o lè rí bí àwọn gílóòbù kéékèèké inú áńpù tó ń gbé ohùn orin sókè ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹyin iná. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń di etí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mú kí ìka má kan ojú rẹ̀, bí a ṣe ń fi aṣọ fẹ́lẹ́ nu ún yípo, bí a ṣe ń sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Lọ́jọ́ tí o sọ pé abẹ́rẹ́ ti ń kú, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tuntun: Etí-mi. Wọ́n fi orúkọ yẹn pè ọ́ káàkiri àdúgbò títí ọmọ aráyé fi gbàgbé orúkọ tí a sọ ọ́. Èmi ni mo ṣáájú rẹ wáyé, wọn kò sì sọ mí ní nǹkan kan.

Ìta ni tèmi àti Màmá. Bàbá á ti ilé iṣẹ́ omi dé, níbi tí ẹ̀rọ ńlá tí ń fa omi ti ń han gooro sí wọn létí láti àárọ̀. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ní, "Etí mi ti ṣiṣẹ́ tó lónìí. Ẹ jẹ́ kó jẹun." Wọ́n á fi orin sí i, ilé á sì pa lọ́lọ́. A kò gbọdọ̀ gbé ìkòkò kalẹ̀ kó dún. A kò gbọdọ̀ húkọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá, èyí tó sọ Màmá di télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń wá, ìloro ilé aládùúgbò ni wọ́n ń rù ú lọ, òjò ni o, oyé ni o, nítorí Bàbá ní ó ń dún bí eku tó ń jẹ páálí. Màmá tún ní ohùn orin nígbà náà. Bóyá o kò rántí, torí o kéré nígbà tí wọ́n fi jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò sọ Bàbá ní Ẹ-dákẹ́. Bí wọ́n bá rí mi lọ́nà, wọ́n á ní, "Ọmọ Ẹ-dákẹ́, ṣé ẹ ti dákẹ́ lónìí?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá ṣe?

O mọ̀ nípa àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlu Bàbá lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. O wá, o sọkún, o ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ orin, o padà sílé rẹ. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn mọ́ àfi "háà". Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún wa pé ọpọlọ wọn pé, etí wọn sì dá ṣáṣá ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ.

Màmá tọ́jú Bàbá débi tí ẹnu ń ya èèyàn. Kò sí ojú egbò kan lẹ́yìn wọn. Aṣọ wọn ń rùn fún ọṣẹ àti oòrùn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n nílé ní òun kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí nílé ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ tún wo bí màmá ṣe ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i fún wọn lójoojúmọ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ìfẹ́ nìyẹn." Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ló ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún òun ní irú aya bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Èmi náà ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, mo ń ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ níbi iṣẹ́ wa ní ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá ní ká máa lọ sílé, mo sì ní kí n yà kí àwọn òbí mi láìrò tẹ́lẹ̀. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ ohùn kan tó ń sáré kíjokíjo bí ẹyẹ tí ológbò ká mọ́. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo yọjú. Bàbá wà lórí àga, ìrọ̀rí lẹ́yìn, ìrọ̀rí lábẹ́ apá, wọ́n mọ́ tónítóní. Àwo orin tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé, ti obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ yẹn, ló ń yí lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n Màmá ti sún ìsáré rẹ̀ sókè, obìnrin náà sì wá ń ké bí èkúté. Màmá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ti etí Bàbá gan-an, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná wà lórí tábìlì, rẹ́kọ́ọ̀dù kan ni wọ́n fi tẹ́ ẹ nídìí. Mo rí bí rẹ́kọ́ọ̀dù náà ti rọ̀, tí etí rẹ̀ ká sókè bí ewé tí iná rà.

Omijé ń dà lójú Bàbá. Màmá dá ẹsẹ̀ dúró, wọ́n fa ìnujú yọ láyà, wọ́n nu omijé náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni nu ojú ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ń gbádùn rẹ̀, olówó orí mi? Ẹ má sunkún. Ó ṣì kù." Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n di abẹ́rẹ́ mú, wọ́n fi fa ojú àwo náà láti etí dé àárín. Ariwo tó jáde dà bí ìgbà tí a bá fa aṣọ tuntun ya. Bàbá ní "Háà!" Màmá sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Mo fẹnu mọ́ fèrèsé, mo ní, "Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Mo rò pé wọ́n á ta gìrì. Wọn kò tilẹ̀ yí ọrùn. Wọ́n ní, "Ìwọ nìyẹn? Ilẹ̀kùn ò tì. Mò ń fi orin sí i fún bàbá yín." Mo wọlé, mo ní kí ni Bàbá ṣe fún wọn. Wọ́n já òwú, wọ́n fi ahọ́n rin orí rẹ̀, wọ́n fi bọ ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Wọ́n ní, "Wọ́n jẹun àbí wọn ò jẹun? Wọ́n wẹ̀ àbí wọn ò wẹ̀? Kí ni mo fi du bàbá yín?"

Ìgbà tí mo pariwo mọ́ wọn dáadáa ni wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ rí, tí ó dá mi lójú pé ìwọ náà kò gbọ́ ọ rí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí: "Ìyá mi ò mọ̀wé kọ. Nígbà tí mo bí àbúrò rẹ, ẹsẹ̀ ìyá mi ti wú, wọn ò lè wá wò mí. Wọ́n bá sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi rán ẹnì kan sí mi. Wọ́n pè mí ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò fi pè mí mọ́ láyé. Wọ́n kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n kú. Mo ṣẹ́ eyín kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Mo kó o sínú àpótí òwú mi. Bàbá yín ń wá kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á fi gba orin tí ọ̀rẹ́ wọn yá wọn. Wọ́n rí i. Wọ́n rí i pé mo ti ṣẹ́ ẹ. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù dí ojú ihò méjèèjì, wọ́n gba orin wọn lé ìyá mi lórí. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tí mo gbọ́ fèrè, mo figbe ta. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí bàbá yín sọ? Wọ́n ní, 'Kí lo ń pariwo sí? Ṣebí o ti mọ ohun tí ìyá ẹ sọ.' Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n dákẹ́, orin ń lọ lọ́wọ́."

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo yíjú wò wọ́n, mo ń wá ìtìjú lójú wọn, bó ti wù kó kéré mọ. N kò rí i. Wọn kò wo èmi, wọn kò wo Màmá. Rẹ́kọ́ọ̀dù abẹ́ ìkòkò ni wọ́n tẹjú mọ́.

Síbẹ̀, ìhà Bàbá ni mo gbè sí. Mo ní ìkà ni ìkà ń jẹ́, pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni à ń gbẹ̀san lára rẹ̀. Mo pe ìyá tó bí mi ní ìkà, lójú ọkọ wọn. Màmá ká aṣọ tí wọ́n ń rán, wọ́n ní, "Ó dáa. Gbé wọn lọ. Má gbàgbé ẹ̀rọ wọn o."

O mọ ọkọ mi: ẹ̀rín rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé kí òun alára tó wọlé. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó yá ọkọ̀ lọ́wọ́ wẹ́dà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó pọn Bàbá sẹ́yìn bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ ọwọ́, ó tún gòkè lọ gbé sípíkà méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jó irin pọ̀, ó fi ṣe àga gíga fún ẹ̀rọ orin kó má baà máa mì nígbà tí a bá ń rìn nínú ilé. Ó fi páìpù irin ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún Bàbá, ó fi ayùn-irin ha á títí ó fi ń dán, ó gé táyà ọkọ̀ sí ìdí rẹ̀. Yàrá ìgbàlejò wa, èyí tó ní afẹ́fẹ́ jù, la fi fún wọn. Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ nilé o. Alápá irin lásán ni mí."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa fi orin sí i, mo kọ́kọ́ fọ ọwọ́ mi. Mo di etí àwo mú bí mo ṣe máa ń rí i tí o ń ṣe é, èmi tí wọn kì í jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Mo nu ún yípo. Mo dúró kí àwọn gílóòbù inú áńpù pọ́n. Mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Bàbá wo ọwọ́ mi, wọ́n sì mi orí pé ó dáa. Àbúrò mi, n kò ní purọ́ fún ọ, ara mi yọ́. Ó jọ pé mímì orí yẹn ni mo ti ń dúró dè láti kékeré. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, mo sì wá gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí. Mo gbọ́ bí akọrin náà ṣe mí kó tó lanu. Mo gbọ́ bí ìka onígítà ṣe ń yọ̀ lórí okùn. Ó dà bíi pé èèyàn mẹ́fà ló jókòó yí wa ká nínú yàrá kékeré yẹn. Mo ní háà, ohun tí wọ́n fi dù mí nìyí! Fún bí oṣù kan, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n kì í bọ́ aṣọ kí n tó lọ jókòó síbẹ̀. Mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé Màmá wa kò láàánú.

Ọwọ́ òsì Bàbá wá ń lágbára sí i. Wọ́n ti lè gbé abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nínú ìyẹn ni ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ń súfèé nínú balùwẹ̀: kọ́! Bàbá ti fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Àlùbọ́sà kan epo gbígbóná: kọ́! Mo sín: kọ́! Àwa méjèèjì kọ́kọ́ ń fi ṣe ẹ̀rín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ mi á fi ìka lé ẹnu, á ní, "Ọ̀gá ilé-ìwé ti dé o, ẹ káwọ́ sókè." Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ọkọ mi ń bọ́ bàtà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó dẹ́kun kíkí wa láti ẹnu ọ̀nà. Aládùúgbò wa obìnrin wá kí Bàbá kú ìrọ́jú, ó ń gbàdúrà sókè, Bàbá fi ọ̀pá gbá a ní kókósẹ̀; kò padà wá mọ́. Lọ́jọ́ kan mo wo ara mi nílé ìdáná: mo fi aṣọ wé ọmọrí ìkòkò kó má baà dún, mò ń fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn bí olè nínú ilé ara mi. Mo rò ó pé èmi tí mo gbé wọn kúrò lọ́wọ́ Màmá, ipò Màmá gan-an ni mo wá dúró sí.

Mo gbìyànjú. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ díẹ̀, ilé ni." Wọ́n gbọ́ mi yé, mo rí i lójú wọn. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n yí ohùn áńpù sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ mi tètè dé. Ó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu láti ẹnu ọ̀nà torí ẹ̀rín tó ń gbé e. Ó fà mí lọ sí kọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní oníbàárà kan ní kí òun wá jó ọ̀pá irin mọ́ gbogbo fèrèsé ilé rẹ̀ nítorí olè. Nígbà tí òun jó o tán, tó le dan-in, ni ọkùnrin náà fọwọ́ sórí. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú fèrèsé yẹn ló ń gbà wọlé! Àbúrò mi, ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. N kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti dé. Mo fi ọwọ́ gbá itan, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. N kò gbọ́ kọ́ rárá. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró irin lára egungun. Bàbá ti ju ọ̀pá náà. Ó ba ọkọ mi lókè ojú òsì.

Ẹ̀jẹ̀ dà sí àyà rẹ̀, ó dà sílẹ̀. Ojú ni wẹ́dà fi ń jẹun, ìwọ náà mọ̀. Mo ń kígbe, mò ń wá aṣọ, mo yíjú sí Bàbá, mo rò pé wọ́n á ti máa sunkún. Bàbá ti tẹ̀ síwájú lórí àga. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé abẹ́rẹ́ sókè pẹ̀lẹ́, wọ́n dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, síbi tí ẹ̀rín mi ti ba orin wọn jẹ́. Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n di ojú. Wọ́n ń gbọ́ orin.

Ọkọ mi fi ọwọ́ kan di ojú rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀pá náà, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ àga Bàbá. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó gba ilé ìwòsàn lọ, kò jẹ́ kí n tẹ̀lé òun. Nọ́ọ̀sì tó rán ojú egbò náà ní bí ó bá fi ìbú ìka kan sọ̀ kalẹ̀ sí i, ojú náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ibi iṣẹ́ ló ń sùn, lórí pákó, láàárín irin. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ, á jẹ ẹ́, á dúpẹ́. Ọkùnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo lọ bá Màmá. Ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, rédíò ń ké, obìnrin méjì tó wá wọn aṣọ ń jiyàn lókè ohùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà ní ojú fèrèsé Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, kí wọ́n gba Bàbá padà. Màmá fà mí dìde, wọ́n gbọn eruku kúrò lórúnkún mi, wọ́n bi mí bí ojú ọkọ mi ṣe rí. Nígbà tí mo dáhùn tán, wọ́n ní, "Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé ìkà ni mí, ọmọ mi. Ìkà kì í tọ́jú aláìsàn. Ìwọ tó o láàánú, máa tọ́jú wọn lọ." Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. Wọn kò gbá ilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n rọra tì í ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lo pè. O bi mí bóyá ooru kò tíì ka àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù. O ní kí n tò wọ́n lóòró, kí n má tò wọ́n lé ara wọn. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ojú ọkọ mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ mọ̀ pé Bàbá ò fẹ́ ariwo." Nígbà tí mo sọ ti Màmá, o ní wọ́n burú jáì. O wá ní, "Ká sọ òótọ́, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kí gbogbo nǹkan yẹn wà. Ẹ̀yin ò mọ iyì ẹ̀." Ibẹ̀ ni mo já fóònù mọ́ ọ létí. Má bínú sí mi. Mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ rẹ títí, mo rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé lo sọ. Àwa kò mọ iyì ẹ̀.

Nítorí náà, láàárọ̀ yìí, mo di ẹrù. Mo to àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù lóòró nínú àpótí, bí o ṣe wí, mo fi aṣọ há àárín wọn. Mo fi ìrọ̀rí wé áńpù, mo yọ abẹ́rẹ́, mo dì í sínú òwú. Nígbà tí Bàbá rí i tí a ń gbé ẹ̀rọ jáde, wọ́n ké "Háà!" títí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí i pé iwájú ọkọ̀ kan náà ṣí sílẹ̀ de àwọn, wọ́n dákẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ẹsẹ̀ tó kú sínú ọkọ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo ní, "Bàbá, ó dàbọ̀ o." Ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wò ó bóyá sípíkà ti wọlé pé.

Ọkùnrin tó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ kì í ṣe oníṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Awakọ̀ ni. Mo ní kó má sọ nǹkan kan kí o tó kà á tán, torí mo mọ̀ ọ́: bí o bá tètè gbọ́, wọ́n á ní o ti rìnrìn-àjò. Ọkọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Gbogbo àwo orin wà níbẹ̀, àfi èyí tí Màmá ti pa. Bàbá wà lórí ìjókòó iwájú. Sọ̀ kalẹ̀ lọ kí wọn, Etí-mi.

Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Á fún ìyàwó rẹ ní okun àti ìfaradà. Ọmọ yín á dàgbà, á gbó, á tọ́, á sunkún, á rẹ́rìn-ín, ilé yín kò sì ní dákẹ́ láéláé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí a jọ mu ọmú kan náà.

Mo tún rántí: oògùn Bàbá wà nínú àpò pupa, kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ àti kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Má ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ń mú, gíláàsì ọkọ̀ náà kò sì ṣeé ṣí níhà ọ̀dọ̀ Bàbá.